Bí Àkùkọ Ṣe Fa Aago Ìlú Sẹ́yìn

Ọkùnrin kan wà tí ipò rẹ̀ tóbi, orí rẹ̀ sì tún tóbi ju ipò náà lọ. Òun ni Olùdarí Àgbà ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àkókò, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń sọ ohun tí aago wí fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ agbára. Aago ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ láìgba àṣẹ, oòrùn ń yọ, oòrùn ń wọ̀, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó wá béèrè ìtọ́sọ́nà ní ọ́fíìsì rí. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá jókòó pẹ́ lórí àga tí kò ní iṣẹ́ nídìí, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé òun gan-an ni iṣẹ́ náà. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún un lórúkọ kan tí wọn ò jẹ́ dán wò níwájú rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní Àkùkọ, nítorí àkùkọ ló máa ń rò pé bí òun ò bá kọ, ilẹ̀ ò ní mọ́.

Láràárọ̀, bí Àkùkọ bá ti wọlé, gbogbo òṣìṣẹ́ a dìde dúró. Akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ọrùn rẹ̀ ti gba títẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bí i bẹ́ẹ̀, tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ń pè ní Bẹ́ẹ̀ni-Sà, a bọ́ síwájú, a tẹríba, a sì béèrè ohun tí aago wí. Àkùkọ a gbé ọwọ́ òsì sókè jẹ́jẹ́ bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun lọ́wọ́, a wo aago ọwọ́ rẹ̀, a dákẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà lè wúwo, a wá sọ ọ́. Gbogbo òṣìṣẹ́ a sì yí aago tiwọn bá ohun tó sọ. Aago ọwọ́ náà máa ń falẹ̀, gbogbo èèyàn mọ̀, ẹnu ni kò gbà á láti sọ. Bátìrì rẹ̀ tiẹ̀ kú nígbà kan, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni ilé-iṣẹ́ àkókò fi wà ní aago mẹ́wàá àárọ̀, tí kò sẹ́ni tó lè lọ jẹun ọ̀sán.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í yí aago. Obìnrin ni, òun ni ọ̀gá lẹ́ka ẹ̀rọ, Ìyá Ẹ̀rọ ni wọ́n ń pè é. Ó kàwé gan-an, ó sì máa ń rí i dájú pé kò sẹ́ni tó gbàgbé bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Òun àti Àkùkọ ò fẹ́ràn ara wọn, wọ́n kàn ń yẹra fún ara wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí ológbò méjì tó ń gbé ilé kan.

Ohun tó dá ọ̀ràn sílẹ̀ kò ju pé Olórí Orílẹ̀-èdè fẹ́ ṣí ibùdókọ̀ ojú irin tuntun. Wọ́n pe Àkùkọ pé kó wá tẹ bọ́tìnì tí yóò mú aago ńlá ara ògiri ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àkùkọ dúró níwájú dígí nílé, ó ń fi ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ kọ́ra. Ó sọ ọ́ tán, ó dùn mọ́ ọn, ó tún un sọ. Ìgbà tó fi dé ibùdókọ̀, Olórí ti fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnì, aago ńlá náà sì ti ń ṣiṣẹ́ lókè, ó ń fi bí Àkùkọ ṣe pẹ́ tó han gbogbo ayé. Àkùkọ fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé bí ẹni tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Olórí rí i. Ó rọra sọ ọ́ sínú gbohùngbohùn pé, "Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá àkókò. Aago la rò pé a wá ṣí, a ò mọ̀ pé kàlẹ́ńdà ni."

Gbogbo ibùdókọ̀ rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ni-Sà náà rẹ́rìn-ín, ó sì yára sọ ọ́ di ikọ́.

Àkùkọ délé, kò lè jẹun. Ìyàwó rẹ̀ bu ọbẹ̀, ọbẹ̀ tutù. Ẹlòmíràn tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí yóò sọ pé òun pẹ́, ọ̀rọ̀ a sì tán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó ń ka ìtàn yìí náà ti rí àwọn ńláńlá rí. Ẹ mọ̀ pé ẹni ńlá kì í pẹ́, ohun tó kù láyé ló máa ń yá jù. Àkùkọ ro ọ̀rọ̀ náà síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ó rí i pé bí aago ibùdókọ̀ bá falẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré, òun ì bá ti dé kí Olórí tó dé. A jẹ́ pé aago ló jẹ̀bi. Bó ṣe rí ìdí ọ̀rọ̀ báyìí, ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa á.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó dìde nínú ìgbìmọ̀ ìjọba, ó fa kóòtù rẹ̀ wálẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọlọ́lá," ó ní, "mo ti wo aago orílẹ̀-èdè yìí lójú, mo sì rí i pé ó ń sáré. Kí ló ń lé e? Ìránṣẹ́ ní í sáré, ọlọ́lá a máa rìn. Ẹ jẹ́ ká fa aago wa sẹ́yìn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ká lè máa rìn bí ọlọ́lá. Àwọn orílẹ̀-èdè yòókù yóò wo aago tiwọn, wọn yóò wo tiwa, ojú yóò sì tì wọ́n pé ìwàǹwára pa wọ́n láyé."

Ó ní orúkọ àkókò tuntun náà ni Àkókò Ọlá. Àwọn ìgbìmọ̀ wo ara wọn. Ọ̀kan béèrè àǹfààní tó wà níbẹ̀ fún ará ìlú, Àkùkọ sì dáhùn pé oorun àárọ̀ wọn yóò fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gùn sí i. Olórí ronú díẹ̀. Ẹni tó bá ń sùn kì í ṣe ìwọ́de. Ó fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n kéde rẹ̀ lórí rédíò, ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni yóò sì bẹ̀rẹ̀. Àkùkọ pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ kí wọ́n lè gbóríyìn fún un. Bẹ́ẹ̀ni-Sà sọ pé bí oòrùn bá gbọ́, yóò dúpẹ́, torí ó ti pẹ́ tó ti ń wá ẹni tí yóò bá a fi ìsinmi díẹ̀ kún ìsinmi rẹ̀. Òmíràn sọ pé àwọn baba ńlá wọn ò rí irú èyí rí, òótọ́ sì ni. Nígbà náà ni Ìyá Ẹ̀rọ nawọ́ sókè.

Ó ṣàlàyé pé fóònù àti kọ̀ǹpútà kì í gbọ́ rédíò. Ó ní nínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, àkókò kan ṣoṣo ló wà, èyí tí gbogbo ayé jọ ń lò. Ẹ̀rọ a wá ṣí fáìlì kékeré kan wò, tó sọ iye tí ìlú kọ̀ọ̀kan fi ṣíwájú àkókò yẹn tàbí tó fi wà lẹ́yìn rẹ̀, a ṣe ìṣirò, a sì fi àkókò ìlú han ẹni tó ni ẹ̀rọ. Àwọn èèyàn díẹ̀ kan káàkiri ayé ló ń tọ́jú fáìlì náà. Bí orílẹ̀-èdè kan bá fẹ́ yí aago rẹ̀, a fi tó wọn létí ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Wọn a tún fáìlì ṣe, àwọn tó ń ṣe ètò ńlá tó ń gbé ẹ̀rọ ró a gbà á, wọn a dán an wò, wọn a sì fi ránṣẹ́ sínú ẹ̀rọ gbogbo èèyàn. Ó ní láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí ọjọ́ Àìkú kò tó nǹkan kan, àfi bí Ọ̀gá bá fẹ́ kí ògiri máa wí tirẹ̀, kí fóònù máa wí tirẹ̀.

Àkùkọ fetí sílẹ̀ títí ó fi parí. Ó wá béèrè pé, "Àwọn tó ń tọ́jú fáìlì yìí, ìjọba wo ló yàn wọ́n?"

"Kò sí ìjọba tó yàn wọ́n, sà. Wọ́n kàn ń ṣe é ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò gbowó rẹ̀."

"Ẹni tí ìjọba ò yàn, tí kò gbowó. Irú wọn ni kí n wá máa kọ̀wé sí, kí n ní ẹ dákun, mo fẹ́ yí aago ilé mi?"

Ìyá Ẹ̀rọ ní kò pọndandan kó ní ẹ dákun. Ó ní "ẹ ǹlẹ́" náà ti tó.

Àwọn kan lẹ́yìn yàrá fọwọ́ bo ẹnu. Àkùkọ pàṣẹ lójú ẹsẹ̀ pé ẹnikẹ́ni nínú ilé-iṣẹ́ náà kò gbọ́dọ̀ kọ ohunkóhun sí àwọn alátọ́jú fáìlì, nítorí orílẹ̀-èdè kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ fáìlì. Ó ní kí Ìyá Ẹ̀rọ jókòó. Ó ní bí iṣẹ́ olùkọ́ bá wù ú, ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan wà lójú ọ̀nà ilé rẹ̀ tó ń wá èèyàn.

Ìyá Ẹ̀rọ jókòó, ṣùgbọ́n ìjókòó yẹn kò dára. Ó pinnu níbẹ̀ pé láti ọjọ́ náà lọ, ohun tí wọ́n bá ní kí òun ṣe lòun yóò ṣe, kò ní fi ìka kan kún un. Bí wọ́n bá ní kí òun pa iná, òun yóò pa á. Bí ilé bá ń jó, tí wọn ò sì ní kí òun pa á, òun yóò wá àga, òun yóò jókòó.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ò sì kúrò lọ́kàn Àkùkọ. Ó ní bí ẹ̀rọ ò bá gbọ́ rédíò, ó yẹ kó gbọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n kó gbogbo kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà wá sí gbọ̀ngàn ìpàdé. Wọ́n tò wọ́n sórí tábìlì ní ẹsẹẹsẹ, wọ́n tan gbogbo wọn, wọ́n sì kọ ojú wọn sí pèpéle. Àwọn òṣìṣẹ́ dúró sẹ́yìn bí òbí tó wá wo ọmọ rẹ̀ nílé-ìwé. Àkùkọ gorí pèpéle, ó wú ikọ́.

"Ẹ̀yin ẹ̀rọ," ó ní, "mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ní àwọn tó ń gbà yín nímọ̀ràn. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ilẹ̀ yìí lẹ ń gbé, iná ilẹ̀ yìí lẹ ń jẹ. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ fà sẹ́yìn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì fi ìdùnnú ṣe é."

Gbogbo òṣìṣẹ́ na ọrùn láti wo àwọn ẹ̀rọ. Wáyà ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà ò wọlé dáadáa, ló bá dún píì. Bẹ́ẹ̀ni-Sà yíjú sí ọ̀gá rẹ̀, omijé wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Ó ti gbà, sà." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá Ẹ̀rọ náà pàtẹ́wọ́, torí wọ́n ní kí gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Òun ló tiẹ̀ pa á pẹ́ jù.

Ọjọ́ Àìkú dé. Rédíò ka àkókò tuntun, àwọn tó ní aago ògiri gun àga, wọ́n yí i. Fóònù kò gbọ́, kọ̀ǹpútà kò gbọ́, àti èyí tó dún píì náà kò gbọ́. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ajé, ìlú ti pín sí méjì, àwọn tó ń wo ògiri àti àwọn tó ń wo ọwọ́. Tọkọtaya sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan, wọ́n jí ní àkókò méjì. Olùkọ́ tó gbọ́ rédíò dé kíláàsì, ó bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti jókòó pẹ́ títí wọ́n fi ń ṣeré ogun pẹ̀lú àga. Ọkọ̀ ojú irin, tí kọ̀ǹpútà ń darí, lọ ní àkókò tirẹ̀, ó fi àwọn ọlọ́lá sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń rìn bọ̀ jẹ́jẹ́.

Àkùkọ ní kì í ṣe ẹ̀bi òfin, ẹ̀bi ará ìlú ni. Ó pàṣẹ kí oníkálukú fọwọ́ yí aago inú ẹ̀rọ rẹ̀. Ó sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀ṣọ́ Àkókò, tí wọ́n dé fìlà pupa, tí wọ́n ń dúró sí oríta, tí wọ́n ń gba fóònù lọ́wọ́ èèyàn wò. Bí ti ẹnì kan ò bá tíì yí, wọ́n á bá a yí i, wọ́n á sì bá a wí. Àwọn tó gbọ́ràn lọ sí báńkì, fóònù wọn ò lè ṣí àkáǹtì wọn mọ́, torí ẹ̀rọ báńkì wò ó pé àkókò inú fóònù náà kì í ṣe àkókò ayé, ó ní kí wọ́n padà sílé. Ìyá Ẹ̀rọ lè sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Fífi ọwọ́ yí aago ẹ̀rọ lọ́nà yẹn, irọ́ lèèyàn ń pa fún ẹ̀rọ láti inú wá. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi í, kò sì sọ.

Òkúta inú bàtà a máa mọ́ èèyàn lára. Kò ju oṣù bíi mélòó kan lọ, ìlú ti bẹ̀rẹ̀ sí í tiro lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dá àdéhùn a béèrè pé, "Ṣé ti ògiri ni àbí ti fóònù?" Wọ́n fún Àkùkọ ní àmì ẹ̀yẹ. Ó ń múra ayẹyẹ ńlá láti fi yọ̀ fún Àkókò Ọlá, tí ọkọ̀ mọ́tò yóò máa fi ẹ̀yìn rìn gba ojú pópó kọjá, nígbà tí nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀ tí kò béèrè fún.

Àwọn alátọ́jú fáìlì ka ìwé ìròyìn. Níbi tí wọ́n wà, tí ẹnikẹ́ni ò kọ̀wé sí wọn, wọ́n rí i kà pé orílẹ̀-èdè kan ti yí aago rẹ̀. Wọn ò bínú. Wọ́n tún fáìlì náà ṣe, wọ́n gbé e jáde, àwọn tó ń ṣe ètò ẹ̀rọ gbà á, wọ́n sì fi ránṣẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló bọ́ sínú ẹ̀rọ gbogbo ìlú, láìpariwo.

Ẹ wá wo ohun tó ṣe. Àwọn tó ti ṣe orí kunkun, tí wọn ò jẹ́ kí Ẹ̀ṣọ́ Àkókò fọwọ́ kan fóònù wọn, ẹ̀rọ wọn fà sẹ́yìn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó sì bá Àkókò Ọlá mu rẹ́gí. Àwọn tó ti gbọ́ràn, tí wọ́n ti fọwọ́ yí i, ẹ̀rọ wọn tún fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn tí ẹ̀rọ wọn ti gbó, tí àtúnṣe kankan ò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, dúró síbi tí wọ́n wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àkókò mẹ́ta ló wà nílùú, ẹni tó sì gba Àkùkọ gbọ́ jù ló wà lẹ́yìn pátápátá.

Ilé-ìwòsàn ìjọba wà lára àwọn tó gbọ́ràn.

Ìyá Àkùkọ wà níbẹ̀. Ìyá àgbàlagbà ni, àtọ̀gbẹ ló gbé e dé ibẹ̀, wọ́n sì ń fún un lábẹ́rẹ́ kó tó jẹun. Ẹ̀rọ kan wà ní wọ́ọ̀dù náà tó máa ń dún bí àkókò abẹ́rẹ́ oníkálukú bá tó. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó dún, nọ́ọ̀sì fún ìyá lábẹ́rẹ́ rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì pààrọ̀, ẹni tó kàn wọlé. Láàárín ìgbà náà ni àtúnṣe bọ́ sínú ẹ̀rọ, aago rẹ̀ fà sẹ́yìn, ó tún ń rìn bọ̀ wá sí àkókò tó ti kọjá. Ìgbà tó pé ibẹ̀, ó dún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dún, kì í ṣe kó rántí. Nọ́ọ̀sì kejì gbé abẹ́rẹ́ wá. Ìyá ní, "Wọ́n ti fún mi." Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní Màmá ti gbàgbé ni, ẹ̀rọ ò ní parọ́. Ó fún un.

Kò pẹ́ tí òógùn fi bo ìyá. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ ń dà pọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, lẹ́yìn náà kò sọ̀rọ̀ mọ́. Dókítà sáré dé. Wọ́n fi omi ṣúgà sí i nínú iṣan, wọ́n dúró tì í, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀.

Ibi tí Àkùkọ ti ń yan ọkọ̀ tí yóò fi ẹ̀yìn rìn ni wọ́n ti pè é. Ó wọ ilé-ìwòsàn bí ìjì, Bẹ́ẹ̀ni-Sà ń sáré tẹ̀ lé e. Ó bá ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti lajú, ṣùgbọ́n ó kéré sínú aṣọ ìbora bí ẹni pé wọ́n ti bu díẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Àkùkọ yíjú padà. Ó ní ẹni tó ṣe é yóò lọ sẹ́wọ̀n, gbogbo ìdílé rẹ̀ yóò sì mọ̀ pé ó lọ. Ó ní kí wọ́n fi í han òun.

"Ta ló fún màmá mi lábẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì?"

Nọ́ọ̀sì náà ò sá. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. "Èmi ni, sà. Ẹ̀rọ dún, ẹnì kejì mi fún wọn. Ó tún dún, mo fún wọn. Àkókò abẹ́rẹ́ kan náà ló dé lẹ́ẹ̀mejì lónìí."

"Àkókò kì í dé lẹ́ẹ̀mejì."

"Tẹ́lẹ̀ ni, sà," nọ́ọ̀sì ní.

Bẹ́ẹ̀ni-Sà la ẹnu láti sọ nǹkan, àmọ́ nínú gbogbo ohun tó ti há sórí, kò sí èyí tó bá a mu. Àkùkọ fa àga kan, ó jókòó ti ìyá rẹ̀. Ìyá na ọwọ́ sí i.

"Mo sọ fún wọn, ọmọ mi," ó ní. "Mo ní wọ́n ti fún mi. Wọ́n ní ẹ̀rọ ò ní parọ́."

Àkùkọ di ọwọ́ náà mú.

Ẹ̀yin tó ń kàwé lè máa rò pé ọkùnrin yìí yí padà níbẹ̀. Ẹ má yára. Ìgbéraga kì í ṣe ẹ̀wù tí èèyàn ń bọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan náà. Ó ní bọ́tìnì púpọ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìjọba pè é lọ́jọ́ kejì pé kó wá sọ tẹnu rẹ̀, ó gba ọ̀rọ̀ tí Bẹ́ẹ̀ni-Sà bá a kọ, ó kà á nínú ọkọ̀, ó sì dùn mọ́ ọn. Ìyá Ẹ̀rọ ni ọ̀rọ̀ náà dá lẹ́bi láti òkè dé ilẹ̀.

Ìpàdé yẹn fúnra rẹ̀ ṣòro láti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ti dé, wọ́n ti dúró, wọ́n ti bínú lọ, kí àwọn mìíràn tó dé. Wọ́n rán ènìyàn lọ pe àwọn tó lọ. Àwọn tó dé kẹ́yìn bínú pé wọ́n mú wọn dúró. Nígbà tí gbogbo wọn jókòó tán, Àkùkọ dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ka ibi tó ti sọ pé òun fi tọkàntọkàn sin orílẹ̀-èdè. Ó ka ibi tó ti sọ pé ọ̀gá ẹ̀ka ẹ̀rọ kùnà. Ó wá dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé, "Ẹ̀yin ọlọ́lá, ẹ̀rọ ló parọ́." Ó dúró níbẹ̀. Kò kà á jáde. Ó ká ìwé náà, ó fi í sínú àpò.

"Wọ́n sọ fún mi," ó ní. "Obìnrin náà sọ fún mi níṣojú gbogbo èèyàn. Èmi ni mi ò fẹ́ gbọ́."

Kò sẹ́ni tó ti gbọ́ kó sọ ọ̀rọ̀ tó kúrú tó bẹ́ẹ̀ rí. Olórí Orílẹ̀-èdè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún òótọ́ inú rẹ̀, ó sì yọ ọ́ nípò. Ó ní láti aago méjìlá ọ̀sán òní, kì í ṣe Olùdarí mọ́.

Àkùkọ wo òkè, ó wo ilẹ̀. Kì í ṣe pé ó fẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, ó fẹ́ mọ̀ ni. "Aago méjìlá ti èwo, sà?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bọ́gbọ́n mu tó béèrè láti ìgbà tó ti gorí àga nìyẹn. Olórí wo agbẹjọ́rò ìjọba. Agbẹjọ́rò wo fóònù rẹ̀, ó wo ògiri, ó wo fóònù ẹni tó jókòó tì í. Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí Àkùkọ rọra jáde. Lẹ́nu ọ̀nà, ó rí Bẹ́ẹ̀ni-Sà tó di àpò mú fún ẹni tí wọ́n ń sọ pé yóò rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ni-Sà kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí èèyàn ṣe ń kí òkú tó ń kọjá.

Àkùkọ lọ tààrà sí ẹ̀ka ẹ̀rọ. Ó ní òun ò mọ̀ bóyá òun ṣì jẹ́ Olùdarí, kò sì sẹ́ni tó mọ̀, nítorí náà kí Ìyá Ẹ̀rọ bá òun dá aago padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìyá Ẹ̀rọ ní rárá. Ó ní bí wọ́n bá dá a padà lónìí, bí ìyípadà ṣe fa wàhálà àná náà ni yóò ṣe fa òmíràn, ẹ̀rọ abẹ́rẹ́ ní wọ́ọ̀dù mìíràn á fò kọjá àkókò ẹlòmíràn. Ó ní ohun tó kù ni kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n fọwọ́ tún àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n bà jẹ́ ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ilé-ìwòsàn ṣáájú, kí wọ́n yan ọjọ́ kan tó jìnnà, kí wọ́n sì kọ̀wé. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

"Ǹ bá ti kọ̀wé sí wọn láti ọjọ́ náà, sà. Iṣẹ́jú díẹ̀ ni ì bá gbà. Ẹ ní kí n má kọ ọ́, inú sì ń bí mi, mo ní ká jọ máa wò ó. Ṣé ara Màmá ti le?"

Àkùkọ ní ara wọn ti ń le. Ó fa àga, ó jókòó, ó ní kó kọ lẹ́tà náà kí òun máa wò. Ìyá Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ ǹlẹ́". Àkùkọ rọ̀ ọ́ pé kó fi "ẹ dákun" kún un.

Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n yàn náà dé, oṣù púpọ̀ ti kọjá. Aago ìlú padà sí ipò rẹ̀, fóònù àti ògiri àti ọkọ̀ ojú irin jọ rìn pọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀ ọ́n lára. Kò sí àsọyé, kò sí àtẹ́wọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, Ìyá Ẹ̀rọ yà kí Àkùkọ nílé, níbi tó ti ń gbé pẹ̀lú ìyàwó àti ìyá rẹ̀, láìní akọ̀wé. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láàárín ọ̀rọ̀, Ìyá Ẹ̀rọ sọ fún un pé fáìlì náà kì í gbàgbé. Bí ìlú bá ti yí aago rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọn ò ní yọ ọ́ kúrò, nítorí ẹni tó bá fẹ́ mọ àkókò tí nǹkan ṣẹlẹ̀ láyé àtijọ́ yóò nílò rẹ̀. Gbogbo fóònù tó wà láyé, àti èyí tí wọn ò tíì ṣe, ni yóò máa gbé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú Àkùkọ kiri títí láé.

Àkùkọ jókòó dáadáa. Fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ gún bíi tàtẹ̀yìnwá.

"Ṣé orúkọ mi wà níbẹ̀?"

"Ó tì, sà. Orúkọ ìlú nìkan ni."

Ó rò ó wò. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan tó gùn. Ìgbà náà ni ìyá rẹ̀ pè é láti inú yàrá pé ó ti tó àsìkò. Aago kékeré kan tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá náà ń dún. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fún ìyá lábẹ́rẹ́ báyìí. Nọ́ọ̀sì tó sunkún lọ́jọ́ náà ló kọ́ ọ. Ó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àlejò, ó fọ ọwọ́, ó fa oògùn sínú abẹ́rẹ́, ó wọlé, ó sì pa aago tó ń dún náà.

Ó kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì. "Màámi, ṣé ẹnikẹ́ni ti fún yín lónìí? Bóyá ìyàwó mi?"

Ìyá wò ó. "Rárá o. Kò tíì sẹ́ni tó fún mi."

Ó gbà á gbọ́, ó sì fún un.